Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Àṣìṣe Wa Nípa Oúnjẹ àti Ọkàn

Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Àjàṣẹ́ ṣubú lẹ́bàá ìkòkò wọn. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn mọ́. Nígbà tí a lọ kí wọn ní ilé ìwòsàn, ọmọ wọn sọ fún wa pé: “Màmá kì í jẹ ẹran ọlọ́ràá, wọn kò sanra, orí kì í sì í fọ́ wọn. Kí ni ó wá fa èyí?” Ọdún méjì ṣáájú ni dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Wọ́n lo oògùn díẹ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì ń mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀ dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn àṣìṣe tí ó fara sin nínú ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé tiwa náà ni wọ́n.

Èkíní ni pé ẹni tí orí kò fọ́ kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àrùn tí a ń pè ní tánsíọ̀n yìí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i ni kò mọ̀. Wíwọ̀n nìkan ni ó ń fi í hàn: bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí wọ́n sì ń rí 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti kan dókítà.

Èkejì ni pé àrùn olówó àti ẹni tí ó sanra ni. Lóòótọ́ ni sísanra ń dá kún un, ṣùgbọ́n ẹni tínrín ń ní i, tálákà ń ní i, ọ̀dọ́ náà ń ní i.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ọmọ ìyá náà fi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ hàn wá: kúbù mẹ́ta nínú ìkòkò kékeré, ẹja oníyọ̀, lẹ́yìn náà iyọ̀. Lójú wa, iyọ̀ ni èyí tí ó funfun nínú àwo. Kúbù, adùn ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú kúbù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì. Kúbù gíráàmù 10 kan ṣoṣo lè kó gbogbo rẹ̀ tán. Iyọ̀ ń fa omi sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ń fi agbára tì í, iṣan ẹ̀jẹ̀ ń le. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kíndìnrín ń bàjẹ́, tàbí kí iṣan kan dí tàbí kí ó bẹ́ nínú ọpọlọ. Ohun tí ó gbé ìyá ẹlẹ́kọ ṣubú nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni ti epo pupa. Àwọn kan ní májèlé ni, àwọn mìíràn ní oògùn ni. Kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú, ó sì ń ṣe ojú lóore. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó máa ń dì, tí ó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí a má ta epo nù. Kí a dín in kù, kí a sì máa fi òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà pààrọ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún ni pé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí aáyù ń fọ ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ dáradára ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò oògùn. Bí ìwọ̀n bá wálẹ̀, oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́. Kò túmọ̀ sí pé àrùn ti lọ.

A bẹ̀rù ẹran àti ọ̀rá tí ojú rí, a kò bẹ̀rù iyọ̀ tí ó wọ aṣọ adùn. Irú, àlùbọ́sà, ata àti ẹ̀fọ́ wà lọ́jà Kétu, wọ́n wà ní Sábẹ̀ẹ́. Àwọn ni ó ń mú ọbẹ̀ àwọn ìyá wa àgbà dùn kí kúbù tó dé.

Ìyá ẹlẹ́kọ ti padà sílé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò tíì lè gbé orógùn. Ẹ̀yin èwe wa, ẹ mú bàbá àti ìyá yín lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí ara wọn tilẹ̀ le. Ẹ wọn tiyín náà.