Bí A Ṣe Ń Wá Iṣẹ́ Àwọn Onímọ̀ Kẹ́místírì ní Ilé Ìkàwé

Bí ènìyàn bá fẹ́ ka ìtàn Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó, tí ó sì wá orúkọ àdúgbò náà nìkan nínú ìwé, apá kan ni yóò rí. Ó yẹ kí ó wo abẹ́ orúkọ Kòsọ́kọ́ pẹ̀lú, ọba Èkó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí oyè ní 1851, tí ó fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùgbé, tí ó sì padà ní 1862. Kí ó tún wo abẹ́ orúkọ Ọ̀ṣọ́dì Tápà, ìjòyè rẹ̀, tí òun àti àwọn ènìyàn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ tẹ ibẹ̀ dó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn rí fún ẹni tí ń ṣe ìwádìí kẹ́místírì: iṣẹ́ tí ó ń wá lè wà nínú ilé ìkàwé, kí ó má sì rí i, nítorí pé orúkọ mìíràn ni a fi kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ewúro ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, tí ń gba orí afárá Third Mainland lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọka, fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí ewé náà korò. Yóò fẹ́ ra ewé lọ́jà lójú ẹsẹ̀, kí ó gún un, kí ó sì fi ọtí fa èròjà inú rẹ̀ jáde. Kí ó mú sùúrù ná. Oṣù mẹ́fà nínú yàrá àyẹ̀wò, pẹ̀lú owó tí òbí rẹ̀ fi ra èròjà, lè já sí ohun tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde kí a tó bí i.

Bí ó bá wá “ewúro” nínú atọ́ka, ohun tí yóò rí kò ní tó nǹkan. Àwọn Ìgbò ń pè é ní onugbu, àwọn Hausa ń pè é ní shuwaka. Vernonia amygdalina ni àwọn onímọ̀ ewéko fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé; àwọn mìíràn sì ti ń pè é ní Gymnanthemum amygdalinum báyìí. Kí ó wá méjèèjì.

Chemical Abstracts, tí Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Kẹ́místírì ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní 1907, ni ọ̀pá ìtọ́nà tí ó lókìkí jù fún irú àwárí yìí. Kì í ṣe odindi iṣẹ́ ìwádìí ni ó wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe ìsọnísókí: ẹni tí ó ṣe é, ohun tí ó rí, àti ibi tí a tẹ̀ ẹ́ sí. Títẹ̀ ẹ́ lórí ìwé dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ 2010. Orí kọ̀ǹpútà ni ó wà nísinsìnyí, owó rẹ̀ kò sì kéré. Irú àwárí bẹ́ẹ̀ ni yóò fi hàn án pé S. M. Kupchan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí èròjà méjì nínú ewúro, vernodalin àti vernomygdin, tí wọ́n sì kọ nípa wọn nínú Journal of Organic Chemistry ní 1969, ìdìpọ̀ 34, ojú ìwé 3908.

Orúkọ a máa yí padà. Fọ́múlà kì í yí. C19H20O7 ni ti vernodalin, atọ́ka kan sì wà tí a fi fọ́múlà tò: kábọ́ọ̀nù ṣáájú, háídírójìn tẹ̀ lé e, àwọn yòókù sì tò bí lẹ́tà wọn ti rí. Síbẹ̀ fọ́múlà nìkan kò tó. C2H6O ni ọtí inú ẹmu. Òun kan náà ni dimethyl ether, gáàsì tí iná ń tètè ràn. Nítorí náà ni a ṣe ń fún èròjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti 1965.

Bí ilé ìkàwé kò bá ní ìwé náà ńkọ́? Kí ó béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fẹ́ ṣe èyí, bí ẹni pé ìtìjú ni, bẹ́ẹ̀ olùtọ́jú ìwé ni ó mọ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà wà nínú ètò Research4Life, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó rí ìwé àwọn onímọ̀ kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ó sì tún lè kọ̀wé sí ilé ìkàwé mìíràn. Nígbà tí ìwé náà bá dé ọwọ́ rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo àwọn iṣẹ́ tí Kupchan tọ́ka sí, lẹ́yìn náà kí ó wá àwọn tí ó tọ́ka sí Kupchan lẹ́yìn 1969. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ ohun tí ó ṣẹ́ kù láti béèrè nípa ewúro, tí yóò sì lè lọ ra ewé lọ́jà.