Gbéborùn: Ewéko Odò Tó Lè Di Bébà Ní Ọ̀jọ́

Bí òjò bá ti rọ̀ títí tí omi rẹ̀ borí iyọ̀ inú ọ̀sà, àwọn apẹja Ọ̀jọ́ ní Èkó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ewéko kan á bo ojú omi pátápátá, àjẹ̀ ò ní rí omi wà, àwọ̀n ò sì ní rí ibi wọlé. Gbéborùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é.

Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ tó rẹwà ló mú kí àwọn èèbó máa gbé e káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, ó gba ojú omi láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin wọ odò Àgbádárìgì, ojú ọ̀nà yẹn gan-an sì ni Ọ̀jọ́ wà. Kò pẹ́ tó fi gba ọ̀sà Èkó kọjá dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ojú oró àti òṣíbàtà kò yọ wá lẹ́nu tó báyìí rí: bí omi bá tẹ́ gbéborùn lọ́rùn, ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un láti di ìlọ́po méjì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọlé ni iyọ̀ tó ń pa á.

Ní 2011, Achenyo Idachaba, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó padà wálé láti Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó ń sá ewéko náà gbẹ, ó ń fi í ṣe okùn, ó sì ń hun ún di apẹ̀rẹ̀ àti ẹní. Ó kọ́ àwọn ará Bàyékù ní Ìkòròdú níṣẹ́ náà. Ẹ̀bùn Cartier fún àwọn obìnrin oníṣòwò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2014.

Bébà náà ń bẹ nínú rẹ̀. Ní àgbègbè Barisal ní Bangladesh, ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin abúlé ti ń fi í ṣe bébà àti káàdì ìkíni. Kò sí ohun èlò iṣẹ́ náà tó ṣọ̀wọ́n ní Igbó-Elérin ní Ọ̀jọ́. A ó gé gbòǹgbò àti ewé kúrò, a ó gé igi rẹ̀ wẹ́wẹ́, a ó sì fi omi eérú, irú èyí tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, sè é títí yóò fi rọ̀. A ó ṣàn án, a ó gún un lódó. Nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ kúrú, a ó po bébà àlòkù tí a ti rẹ mọ́ ọn. A ó tú u sínú ọpọ́n omi, a ó ti férémù onígi tí a kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, a ó sì gbé e sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi á jò dànù, fọ́nrán á kù pẹrẹsẹ lórí nẹ́ẹ̀tì. A ó dà á dé aṣọ, a ó fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, a ó sá a.

Ṣùgbọ́n ká ṣọ́ra. Omi ìdọ̀tí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní ìlú Àgbára ń gba odò Òwò wọ ọ̀sà Ológè, gbéborùn sì máa ń fa májèlé inú omi sára, pàápàá sí gbòǹgbò. Kí ẹni tó ń kó o wọ ìbọ̀wọ́, kí a má sì fi bébà rẹ̀ di oúnjẹ.

Ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ bébà ńláńlá sí Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku-Iboku, síbẹ̀ òkèèrè la ṣì ń wò fún bébà. Bébà àfọwọ́ṣe kò lè dí àyè wọn, ṣùgbọ́n ìwé ìpè ìgbéyàwó àti báàgì ẹ̀bùn máa ń tà l'Ékòó tí òde kì í tán. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́ níbí. Kí òun àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà fi orí korí, kí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin etídò níṣẹ́ yìí kí òjò mìíràn tó dé.