Pípẹ́ kọ́ ni gbígbó: Ẹ yé fowó ra ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò wáìnì

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ ìgboro: "Bí wáìnì bá ṣe ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dùn sí i." Ẹ máa gbọ́ ọ lóde àríyá, ẹ máa gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù ọtí, ẹ tún máa rí i lórí Instagram níbi tẹ́nì kan ti gbé ìgò sókè, tó ń fìka tọ́ka sí ọdún tó wà lára rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn san owó ńlá fún ọtí tó ti kú, wọ́n sì mu ún tán láìsọ nǹkan kan, torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní ará oko.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣu wò ó. Iṣu tó gbó dùn ún jẹ, àmọ́ iṣu tí wọ́n gbàgbé sínú abà títí tó fi jẹrà, pípẹ́ rẹ̀ ò sọ ọ́ di ohun iyì. Bí wáìnì náà ṣe rí nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì tí wọ́n ń ṣe lágbàáyé, kí èèyàn tètè mu ún láàárín ọdún díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹmu náà mọ̀ pé èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ máa ń dùn, tó bá fi máa dalẹ́, ó ti ń kan. Wáìnì náà ní àsìkò tirẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ti àwọn kan gùn ju ti àwọn yòókù lọ ni.

Kí wá ló ń jẹ́ kí àwọn díẹ̀ yẹn lè pẹ́? Nínú wáìnì pupa, bíi ti agbègbè Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní tannin. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá. Òun ló máa ń mú ẹnu èèyàn gbẹ bí ẹni tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tannin yẹn á máa so mọ́ra wọn, á wúwo, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ ìgò tó ti pẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé ọtí ti bàjẹ́. Ẹ gbé ìgò náà dúró fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ wá rọra dà á sínú nǹkan mìíràn, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè kù sẹ́yìn.

Ti wáìnì aládùn tún yàtọ̀. Ní Sauternes, níhà gúúsù Bordeaux, odò Ciron tó tutù máa ń pàdé odò Garonne tó móoru jù ú lọ. Nígbà ìkórè, ìpàdé àwọn odò méjèèjì yìí máa ń mú kí kùrukùru bo oko àjàrà láàárọ̀. Kùrukùru yẹn ló ń jẹ́ kí Botrytis cinerea hù sára èso, tí èso á fi bu. Àmọ́ tí oòrùn bá ràn lọ́sàn-án, omi ara èso á gbẹ, adùn rẹ̀ á sì ki. Ìjẹrà ọlọ́lá ni àwọn ará Faransé ń pe èyí. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọ inú oko lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún padà lọ lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó bá ti bu dáadáa nìkan ni wọ́n ń já. Ní Château d'Yquem, tí wọ́n fi sí ipò tó ga jù nínú ìpínsípò ọdún 1855, ọdún tí èso ò bá dáa tó, wọn kì í gbé wáìnì aládùn wọn jáde rárá. Wọn ò gbé e jáde ní 1992, wọn ò sì gbé e jáde ní 2012. Ṣúgà àti kíkan tó wà nínú rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 2011, ìgò Yquem kan tó jẹ́ ti ọdún 1811 ni wọ́n tà ní £75,000.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá èyí tó wà níwájú òun gbó ni tàbí ó kàn pẹ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ọdún. Ibi tó sùn sí ni kẹ́ ẹ béèrè. Wáìnì tó máa pẹ́ nílò ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù ní nǹkan bí ìwọ̀n 12 sí 14 lórí Celsius, tí wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ ìgò rẹ̀ lélẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ. Ní Èkó, tí ooru ń kọjá 30, tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀, ìgò tí wọ́n ti tò sórí pẹpẹ lábẹ́ gílóòbù fún ọdún mẹ́wàá kò dàgbà. Ooru ti sè é ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọrùn ìgò. Tí ọtí inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé èjìká ìgò, afẹ́fẹ́ ti ráyè wọlé nìyẹn. Ẹ dà á sínú ife, kí ẹ tẹ ife náà díẹ̀ síwájú bébà funfun. Wáìnì pupa tó ṣì kéré máa ń ní àwọ̀ àlùkò létí, èyí tó ti gbó á dà bí ìkòkò amọ̀ tí wọ́n sun. Wáìnì aládùn máa ń kúrò ní àwọ̀ òféfèé, á di wúrà, á di oyin, tó bá yá á dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì.

Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Wáìnì pupa tó gbó á máa rùn bí èso gbígbẹ, ewé tábà, awọ, olú àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ti aládùn á máa rùn bí oyin, èèpo ọsàn àti ṣúgà tí wọ́n sun. Tó bá ń rùn bíi páálí tí omi rin, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́. Tó bá ń rùn bí ọtí kíkan tàbí ohun tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ tọ́ ọ wò níkẹyìn: ṣé adùn rẹ̀ àti kíkan rẹ̀ bára wọn mu, àbí ọ̀kan ti borí èkejì? Tẹ́ ẹ bá gbé e mì, ṣé ìtọ́wò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu, àbí kíá ló pòórá? Wáìnì tó gbó dáadáa kì í tètè kúrò lẹ́nu.

Mo kọ́ ìmọ̀ òfin. Lójú tèmi, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ọdún tó wà lára ìgò, ẹlẹ́rìí sì lè parọ́. Ẹ wo ẹjọ́ Rudy Kurniawan ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2008, wọ́n gbé àwọn ìgò kan lọ síbi ọjà gbànjo ní New York, wọ́n ní Clos Saint-Denis ti Domaine Ponsot láti ọdún 1945 ni. Laurent Ponsot fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀ láti Faransé, ó sì sọ pé ilé iṣẹ́ àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wáìnì yẹn nígbà náà. Nígbà tí àwọn FBI wọ ilé Kurniawan ní 2012, wọ́n bá lébẹ̀ẹ̀lì, kọ́ọ̀kì àti àwọn ìgò àtijọ́ níbẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ló ti ń po wáìnì olówó pọ́ọ́kú pọ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lọ́dún 2013, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2014.

Ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú nibẹ̀ ni pé àwọn olówó tó ń gbé wáìnì tọ́jú láti ìgbà pípẹ́ ló ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mu ú, wọ́n sì yìn ín. Lébẹ̀ẹ̀lì ti sọ fún wọn pé ó dùn kí ahọ́n tó débẹ̀. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn yẹn, ta ni àwa tí à ń ra ìgò kan lọ́dún?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìtìjú ni ọ̀tá wa jù níbi ọ̀rọ̀ yìí. Nílé oúnjẹ ńlá, tí agbáwo bá kọ́kọ́ da díẹ̀ sínú ife yín, kì í ṣe pé ó ń bi yín bóyá ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ wa kàn máa ń mi orí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, tó bá ń rùn bíi páálí, ẹ dá a padà. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rà á, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá ohun tí wọ́n pè é mu padà.

Ẹni tí kò bá sì lówó ìgò ńlá kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ kó ara yín jọ bíi mẹ́rin márùn-ún, kí ẹ dáwó ra ìgò kan tó ti gbó àti ọ̀kan tó ṣì kéré láti agbègbè kan náà. Ẹ gbé ti pupa sínú fíríìjì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ooru yàrá wa kọ́ ni ooru yàrá ti àwọn ará Faransé. Kí ẹnì kan fi aṣọ bo ìgò méjèèjì, kí kálukú tọ́ wọn wò, kó sọ èyí tó dùn mọ́ ọn àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó ṣí aṣọ. Tó bá jẹ́ èyí tó kéré lẹ fẹ́ràn jù, ẹ fi ìgboyà sọ ọ́. Owó yín ni, ẹnu yín sì ni.