Ilé Báńkì Tí Ó Di Hòtẹ́ẹ̀lì, àti Ilé Kan ní Ìta Tinúbú

Nígbà tí iṣẹ́ tí a kọ́ ilé kan fún bá tán, kí ni ó yẹ kí a fi ilé náà ṣe? A lè wó o, a sì lè wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Bí a bá kàn fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn, kò yàtọ̀ sí pé a wó o.

Àwọn àgbà ní ẹni tí kò bá rìn jìnnà kò lè rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1924 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ olú-ilé báńkì Midland sí òpópó Poultry, ní àárín gbùngbùn ìlú. Edwin Lutyens ni ó ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ báńkì tán níbẹ̀, a kò wó ilé náà. Ní 2017 ó di hòtẹ́ẹ̀lì, a sì fi ìnagijẹ Lutyens, Ned, sọ ọ́. Àwọn káńtà ìgbowó ṣì wà níbẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí àpótí irin tí ó ju 3,000 lọ wà lára ògiri rẹ̀, ti di ibi ìgbafẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Èkó, sí Ìta Tinúbú, tí a fi sọrí Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ní 1855, ọdún kan kí a tó lé ìyá náà kúrò ní Èkó, ìdílé Fernandez kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan síbẹ̀, irú èyí tí àwọn Àgùdà ń kọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá. Ó jẹ́ ilé gbígbé, ó sì jẹ́ ilé ọtí. Ilojo Bar ni a mọ̀ ọ́n sí. Ní 1956 ìjọba kà á kún ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kì í tún òrùlé ṣe. Ilé náà gbó, ó sì sán. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsán-án, 2016, a wó o palẹ̀.

Òfin ń ṣọ́ ilé méjèèjì. Lójú tiwa, ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan rí iṣẹ́ tuntun tí ń mú owó àtúnṣe wá, èkejì kò rí.

Ẹ̀yin olùkọ́, láti Kọ́bapẹ́ títí dé Aké, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé yín béèrè nípa ilé àtijọ́ tí ó wà nítòsí wọn: ta ni ó kọ́ ọ, iṣẹ́ wo ni a ti ṣe nínú rẹ̀, iṣẹ́ wo ni ó kù tí ó lè ṣe? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ nígbà tí ògiri ṣì dúró.