Ẹ Má Fi Nọ́ńbà Oníbàárà Yín Dúró Gbèsè

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà Akobo, ọ̀rọ̀ fóònù àti káàdì báǹkì ni mo gbé wá lóṣù yìí.

Ẹ wo àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Kí wọ́n tó fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Bí owó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí àna yín, sí pásítọ̀ tàbí àáfà yín, sí ẹni tó ń já ọjà fún yín láwìn, pé olè ni yín. Ẹni tí wọ́n pè lólè, ta ni yóò tún gbé àpò ìrẹsì fún un láìgbowó? Lọ́dún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn l'Ékòó. Lọ́dún 2023, Google náà ní áàpù ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò ẹni mọ́. Àmọ́ èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ta ló ń ṣọ́ ọ?

Òfin sì ti wà. Lọ́dún 2023 yẹn náà ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó ní a lè kọ̀ kí wọ́n má fi orúkọ wa polówó ọjà, ẹni tó sì ti gbà tẹ́lẹ̀ lè ní òun ò gbà mọ́. Lọ́dún 2024, àjọ NDPC ní kí báǹkì Fidelity san mílíọ̀nù 555.8 náírà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Báǹkì náà jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé kì í ṣe òfin orí ìwé lásán.

Bí ẹ bá ra nǹkan lórí fóònù tí wọ́n ní kí àwọn tọ́jú nọ́ńbà káàdì yín, ẹ ní rárá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò káàdì yín, ní pàtàkì nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. BVN, ẹ ò lè kọ̀ ọ́ fún báǹkì yín. Àmọ́ ẹni tó dúró lẹ́nu ìsọ̀ yín, tó ní òun ń kọ orúkọ fún owó ìrànwọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ti àwọn ìpolówó tó ń dí wa lọ́wọ́, ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó mú fóònù rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.