Ilé Àtijọ́ Tí Kò Móoru: Ààbò fún Ìlera, Ìdínkù fún Owó Iná

Ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà ní àárín gbùngbùn ìlú Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Erékùṣù Èkó ni ó ti lé ní 50 ọdún tí a ti kọ́ wọn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú wọn a máa móoru débi pé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kì í lè sùn dáadáa. Ooru bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìnira lásán. Ó ń fa omi ara gbẹ, ó sì ń mú kí ọkàn ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, pàápàá lára àwọn arúgbó, aboyún, ọmọ ọwọ́ àti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí kò ṣe aláìlọ́gbọ́n. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà sí Èkó láti Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pẹ̀lú mọ ilé tí fèrèsé rẹ̀ ga. Àtúnṣe ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó ba nǹkan jẹ́: páànù tí kò ní àjà rọ́pò koríko, a fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé, a sì pín yàrá kan sí méjì.

Nígbà tí ooru bá pọ̀, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù ni a ń sá bá. Bí iná mànàmáná bá lọ, ó di ẹ̀rọ amúnáwá. Ibẹ̀ ni ewu ńlá wà. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, tí ó sì lè pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ má ṣe gbé e sínú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kéré tán, kí ó jìnnà sí fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà 20.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ̀dà funfun lórí páànù ń dá ìtànṣán oòrùn padà, àjà sì ń dí ooru lọ́nà. Ẹ ṣí fèrèsé tí a ti dí, kí ẹ sì fi àwọ̀n sí i nítorí ẹ̀fọn. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́: LED oníwáàtì 9 ń tàn tó gílóòbù oníwáàtì 60, kò sì gbóná bíi tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí àjà tàbí òrùlé náà bá jẹ́ asbestos. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó farahàn. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má sì lù ú. Bí ó bá di dandan láti yọ ọ́, ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, ohun tí ó sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í sábà ní olùtọ́jú. Bí ẹbí bá ń dáwó jọ fún ìnáwó òkú, ó yẹ kí wọ́n lè dáwó ra ọ̀dà àti àjà fún àwọn alààyè tí ń sùn níbẹ̀.