Ẹ̀kọ́ Fóònù: Inú Ilé Ni Kí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún náà lé ní 800,000. Olùkọ́ ni ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. Òbí mọ̀ ọ́n, ó sì mọ òbí. Lónìí, ilẹ̀kùn mìíràn ti ṣí nínú ilé wa. Fóònù ni. Ta ni ó dúró sí ìdí rẹ̀ de ọmọ wa?

Ní Ìwó, bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá gbogbo, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, nígbà tí bàbá àti ìyá ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Òbí a fi fóònù ránṣẹ́ kí ó lè máa gbọ́ ohùn ọmọ. Ìyá àgbà a sì fi í lé ọmọ lọ́wọ́ kí òun lè ráyè ṣiṣẹ́. Odídẹrẹ́ ni ẹyẹ tí a fi mọ Ìwó. Ohun tí odídẹrẹ́ bá gbọ́ ni í tún wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ kékeré.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù keje ọdún 2007, ìròyìn jáde láti Àbújá pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, tí àjọ One Laptop per Child fún ní kọ̀ǹpútà kí wọn fi kàwé, ń fi í wo àwòrán ìṣekúṣe. Àjọ náà ní àwọn yóò fi ìdènà sínú ẹ̀rọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ìdènà inú ẹ̀rọ kò lè rọ́pò ojú àgbà. Ewu mìíràn sì wà tí ó ju àwòrán lọ: àgbàlagbà a pe ara rẹ̀ ní ọmọdé, a tọrọ àwòrán ìhòhò lọ́wọ́ ọmọ, a sì máa fi èyí tí ó bá rí gbà dẹ́rù bà á. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ka irú èyí sí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Facebook pàápàá kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá ọmọ jókòó nínú yàrá.

Àwọn ìyá àgbà yóò wí pé, “Èmi tí n kò mọ̀wé, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ?” Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti mọ ẹ̀kọ́ náà tipẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé kí a má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀, kí a má tẹ̀lé ẹni tí ó bá pè wá lójú ọ̀nà, kí a sì wá sọ fún yín bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a má sọ. Ẹ̀kọ́ náà ni ẹ mú dé ìdí fóònù: kí ọmọ lò ó ní ojútáyé, kí ó má fi àwòrán, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ti báńkì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kí ó tètè sọ ohun tí ó bá bà á lẹ́rù.

Níhìn-ín ni àṣìṣe wa wà. Bí ọmọ bá sọ, pàṣán ni a ń kọ́kọ́ nà sí. Ọmọ tí a nà nítorí pé ó sọ òtítọ́ kò ní í sọ mọ́, ẹni tí ń dẹ ẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé pàṣán sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀, ẹ mú un dé orí ìwàásù. Yunifásítì Bowen, tí ó ti ń kọ́ni ní Ìwó láti ọdún 2002, lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá fi ọ̀nà tí a ń gbà ti fóònù han àwọn ìyá. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ mọ ojúlé gbogbo nígbà ìdìbò. Ẹ tún kan ìlẹ̀kùn wọ̀nyí nítorí àwọn ọmọ tí kò tíì tó ìbò í dì.